Ìró Inú Òkun, àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi tí Ó Ti Wá



Nígbà tí a pinnu láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ bi wá léèrè pé, "Kí ni ó kan ará Ìsọlọ̀ nínú ohun tí ń dún lábẹ́ òkun?" Ìbéèrè náà tọ́. Òkun jìnnà sí wa díẹ̀. Ohun tí etí wa ń gbọ́ lójoojúmọ́ ní Òṣòdì ni ìpè àwọn agbèrò, fèrè ọkọ̀, àti ìró bàálù tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí Máfòlúkù. Ṣùgbọ́n bí a bá rántí ọjọ́ Ìsinmi kan, èyíinì ni ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, a ó rí i pé ó ṣòro kí a tó rí àdúgbò tí ọ̀ràn yìí kàn tó tiwa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilé ìkóhun-ìjà-sí tí ó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, àwọn bọ́ǹbù inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Èkó gbọ́ ọ jákèjádò. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé fọ́. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ìró náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń wá. Ẹlòmíràn ní ogun ti dé, ẹlòmíràn ní àwọn sójà ń gba ìjọba. Ìró náà ń kọlu ògiri ilé, ó sì ń padà wá, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni kan fi gbà pé ẹ̀yìn òun ni ó ti wá, tí aládùúgbò rẹ̀ sì gbà pé iwájú ni. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, àti àwọn ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, sá lọ sí ìhà kánáàlì Òkè-Afá, níhìn-ín ní Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Koríko orí omi, irú èyí tí ó jọ òjú oró, ti bo ojú omi náà pátápátá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé omi ni ó pa wọ́n, kì í ṣe bọ́ǹbù. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Afá.

Láti bárékè náà dé etí kánáàlì yìí ju kìlómítà márùn-ún lọ. A kò sọ èyí láti bá òkú wí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ àwa ni a wà ní ipò wọn, bóyá bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwa náà ì bá ṣe. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé etí wọn kò kùnà láti gbọ́. Mímọ ibi tí ìró ti wá ni ó wọ́n. Àìní kan náà yìí ni ó ń bá àwọn tí ń fetí sí òkun jà, ó sì ti tó 200 ọdún tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń wá ojútùú sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara wa. Bí ọmọ kan bá pè yín láti apá ọ̀tún, ohùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni yóò dé ti òsì. Àlàfo tí ó wà láàárín etí méjèèjì kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìró sì ń rin nǹkan bíi mítà 340 nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé àkókò tí etí kan fi ṣáájú èkejì kò ju ìdá 1 nínú 1,700 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Síbẹ̀ ọpọlọ ń mọ̀ ọ́n, òun ni ó sì mú kí ọrùn yín yí sí ọ̀tún kí ẹ tó rò ó. Ohun mìíràn sì tún wà: orí fúnra rẹ̀ ń dínà fún ìró náà, tí ó fi jẹ́ pé etí tí ó wà ní ìhà kejì ń gbọ́ ọ ní rírẹlẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ènìyàn bá tẹ orí bọ inú omi, ìrànlọ́wọ́ méjèèjì yìí bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú omi òkun, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti afẹ́fẹ́ lọ. Nítorí náà, etí kan kò fi ju ìdá 1 nínú 7,500 ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú èkejì mọ́. Orí ènìyàn pẹ̀lú, nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú ẹran ara, kò dínà fún ìró omi tó bí ó ti ń dínà fún ti afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní etí ọ̀sà mọ ohun tí a ń wí. Bí ẹ bá wà lábẹ́ omi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan sì ń kọjá, ẹ ó gbọ́ ọ kedere, ṣùgbọ́n yóò dàbí ẹni pé àárín orí yín gan-an ni ẹ́ńjìnnì náà wà.

Ẹ̀rí èyí wà nínú omi tiwa. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Jascon-4 dojú dé ní nǹkan bíi kìlómítà 30 sí etíkun Escravos. Àwọn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Alásè ọkọ̀ náà, Harrison Okene, nìkan ni ó yè é. Ó wà nínú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀ omi, ní nǹkan bíi mítà 30, fún bí 60 wákàtí, nínú òkùnkùn biribiri. Òkú ni àwọn òmùwẹ̀ tí a rán sọ̀kalẹ̀ wá kó. Okene gbọ́ bí wọ́n ti ń fi irin lu ara ọkọ̀. Òun náà sì fi ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà lu ògiri irin náà, pé bóyá wọn yóò gbọ́. Ìró ń lọ, ìró ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìró kò lè sọ yàrá tí ó wà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n wọ inú ọkọ̀ náà, iná orí àti ọwọ́ ni wọ́n fi rí ara wọn. Kò jìnnà sí wọn, síbẹ̀ etí kò lè júwe rẹ̀. Kí ni a ó wá sọ nípa ìró tí ó ti ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá?

Láti ìgbà pípẹ́ ni a ti mọ̀ pé omi ń gbé ìró. Leonardo da Vinci, ará Ítálì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún 1490 pé bí a bá ki ẹnu ọ̀pá gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo bọ omi, tí a sì fi etí sí ẹnu kejì, a ó gbọ́ ọkọ̀ tí ó jìnnà réré. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí ọkọ̀ náà wà. Ohun tí a ní láti mọ̀ ṣáájú ni bí ìró ti ń yára tó nínú omi, èyí ni Colladon, ará Switzerland, àti ẹnì kejì rẹ̀ Sturm wọ̀n ní adágún Geneva ní ọdún 1826. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jọ ohun tí àwọn bàbá wa máa ń ṣe nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Bí mànàmáná bá kọ, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí àrá yóò fi sán, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta tí ẹ bá kà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Àwọn méjì yìí ṣe mànàmáná àti àrá tiwọn. Ní òru, nínú ọkọ̀ kan, wọ́n lu agogo kan lábẹ́ omi, ẹ̀tù ìbọn sì gbiná lókè omi ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Nínú ọkọ̀ kejì, tí ó ju kìlómítà 13 lọ sí èkíní, ẹni tí ó fi etí sí ọ̀pá rí ìmọ́lẹ̀, ó sì ka àkókò títí ó fi gbọ́ agogo. Ohun tí wọ́n rí ni mítà 1,435 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi tútù adágún náà. Bí a bá wo bí ohun èlò wọn ti mọ níwọ̀n, iṣẹ́ wọn péye lọ́nà tí ó yani lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n nínú ibú òkun kò sí mànàmáná. Ohun kan bú níbìkan, kò sí ìmọ́lẹ̀ tí yóò sọ wákàtí tí ó bú fún wa. Ìró nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọgbọ́n wo ni a ó dá? Ọgbọ́n náà ni pé kí a má fi etí ẹnì kan ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a fi àdúgbò wa ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé a fi ẹnì kan sí Òṣòdì, a fi ẹnì kejì sí Ìsọlọ̀, a sì fi ẹnì kẹta sí Èjìgbò, olúkúlùkù pẹ̀lú aago tí ó bá ti èkejì mu rẹ́gí. Ìbọn ńlá kan dún níbìkan tí a kò mọ̀. Ẹni Òṣòdì kọ́kọ́ gbọ́ ọ; ẹni Ìsọlọ̀ gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀; ẹni Èjìgbò gbọ́ ọ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án lẹ́yìn ẹni Òṣòdì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ibi tí ìbọn ti dún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó ìwé wọn jọ sórí tábìlì kan, ìwé ẹni méjì àkọ́kọ́ yóò sọ pé ibi tí a ń wá fi nǹkan bíi kìlómítà kan súnmọ́ Òṣòdì ju Ìsọlọ̀ lọ. Ibi tí ó rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó pọ̀, wọ́n sì tò lọ lórí àwòrán ilẹ̀ bí ìlà kan tí ó tẹ̀ kọrọdọ. Ìwé ẹni Òṣòdì àti ti ẹni Èjìgbò yóò fún wa ní ìlà mìíràn tí ó tẹ̀ bákan náà. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni ìbọn ti dún. Bí a bá ní ẹni kẹrin, yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí tí yóò sọ bóyá àwọn mẹ́ta ìṣáájú kò ṣìnà.

Gbogbo rẹ̀ dúró lórí aago. Nínú afẹ́fẹ́, bí aago ẹnì kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣìnà, ìṣirò wa yóò fi mítà 340 ṣìnà. Nínú òkun, ìṣẹ́jú àáyá kan náà jẹ́ kìlómítà kan ààbọ̀. A mọ ilé ìjọsìn kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí aago ara ògiri rẹ̀ fi ìṣẹ́jú márùn-ún yá ju ti gbogbo ayé lọ, kí àwọn ará lè tètè dé. Bí a bá gbé aago náà fún ẹni tí ń fetí sí òkun, yóò fi kìlómítà 450 ṣìnà, èyí tí ó ju láti Èkó dé Ìlọrin lọ.

Ìṣòro kejì ni pé ìró kì í rìn gbọọrọ nínú òkun. Omi tí oòrùn ń pa lókè gbóná, ìró sì ń yára nínú rẹ̀. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni omi ń tutù, tí ìró sì ń fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá tún lọ sísàlẹ̀ sí i, omi kò fi bẹ́ẹ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ìwúwo gbogbo omi tí ó wà lókè sì ń tẹ̀ ẹ́, ìyára ìró a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Nítorí náà ipele kan wà láàárín, ní nǹkan bíi mítà 1,000 nísàlẹ̀ nínú òkun tí ó gbóná lójú, níbi tí ìró ti ń lọ́ra jù lọ. Ẹ ti rí ẹgbẹ́ Boys' Brigade nígbà tí wọ́n bá ń yan lójú pópó. Bí àwọn tí ó wà lápá kan ìlà bá wọ inú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ wọn yóò wúwo, àwọn tí ó wà lórí ọ̀dà yóò sì máa lọ bí wọ́n ti ń lọ, gbogbo ìlà náà yóò sì yí sí ìhà ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìró ń yí sí ìhà tí ó ti ń lọ́ra. Bí ó bá fẹ́ jáde kúrò nínú ipele yẹn sókè, a yí padà sísàlẹ̀; bí ó bá fẹ́ jáde nísàlẹ̀, a yí padà sókè. Ó há síbẹ̀ bí omi inú gọ́tà, kò túká, kò sì kan ilẹ̀ òkun tí ì bá jẹ agbára rẹ̀ tán. Maurice Ewing ní Amẹ́ríkà ni ó rí èyí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Brekhovskikh ní Rọ́ṣíà sì rí i ní ọdún 1946 láìgbọ́ ti ẹnì kíní.

Bí ọ̀nà yìí ti lágbára tó hàn ní oṣù Kẹta ọdún 1960. A ju bọ́ǹbù díẹ̀ sínú òkun ní ẹ̀bá ìlú Perth ní Australia. Ìró wọn gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà kọjá, ó la Òkun Àtìláńtíìkì gòkè, a sì gbọ́ ọ ní erékùṣù Bermuda lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àti nǹkan bíi 42 ìṣẹ́jú. Ọ̀nà tí ó rìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 20,000, èyíinì ni ìdajì àyíká ayé.

Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó de ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì ní ọdún 1996, a ti kọ́ ibùdó ìgbọ́ràn 11 kárí òkun ayé nítorí àdéhùn náà. Mẹ́fà nínú wọn ní ẹ̀rọ tí a lè pè ní etí-omi, tí a so rọ̀ sínú ipele tí a wí yìí. Ọ̀kan wà ní erékùṣù Ascension, tí ó ju kìlómítà 2,000 lọ sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Èkó. Mẹ́ta-mẹ́ta ni a to àwọn etí náà ní igun mẹ́ta, nǹkan bíi kìlómítà méjì sí ara wọn. Ohun tí sẹ̀ǹtímítà 20 kò lè ṣe fún etí ènìyàn nínú omi ni kìlómítà méjì ń ṣe fún wọn. Èyí tí ó kọ́kọ́ gbọ́, àti bí èkejì àti ẹ̀kẹta ti pẹ́ tó kí wọ́n tó gbọ́, ni ó ń sọ ìhà tí ìró ti wá.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Argentina tí ń jẹ́ San Juan dákẹ́. Ọkùnrin àti obìnrin 44 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ àti bàálù orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá a, wọn kò rí i. Nígbà náà ni àwọn tí ń ṣọ́ ìwé àkọsílẹ̀ ibùdó ìgbọ́ràn yẹ ti ọjọ́ náà wò. Wọ́n rí ìró kan tí Ascension gbọ́, tí ibùdó Crozet ní apá gúúsù Òkun Íńdíà sì gbọ́. Ìró náà ti rin nǹkan bíi 6,000 kìlómítà dé Ascension, èyí tí ó gbà á ju wákàtí kan lọ. Wọ́n fa ìlà láti ibùdó méjèèjì, àwọn ìlà náà sì pàdé nítòsí ibi tí ọkọ̀ náà ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, àwọn ará Argentina ju àdó kékeré kan láti inú bàálù sínú òkun ní àgbègbè náà, ní ibi àti wákàtí tí wọ́n mọ̀ dájú, láti wò ó bóyá àwọn etí náà yóò gbọ́ ọ kí wọ́n sì júwe rẹ̀ bí ó ti tọ́. Wọ́n gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, ọdún kan gbáko kọjá kí a tó fi ojú kan San Juan. Ìlà tí a fà láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ń júwe àdúgbò, kì í júwe ojúlé, ilẹ̀ òkun níbẹ̀ sì kún fún àfonífojì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018 ni a rí i ní ìsàlẹ̀ omi tí ó ju mítà 900 lọ. Lójú tiwa, àwọn ẹbí 44 wọ̀nyí jèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé apẹja ní etíkun wa kò rí rí: ibi tí ènìyàn wọn sùn sí. Ẹni tí ó ti sin òkú tí a kò rí òkú rẹ̀ mọ iye tí èyí jẹ́.

Báwo ni a ti ṣe rí i nígbà tí kò sí ìró kankan mọ́? Ibí yìí ni a ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kejì ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní sónà. Ti àkọ́kọ́ ń fetí sílẹ̀ nìkan. Ti èkejì ń ké, ó sì ń dúró de gbohùngbohùn tirẹ̀, bí ọmọdé tí ń pariwo sínú kànga, tàbí bí àdán tí ń fò kiri lóru láìkọlu igi. Bí ìró bá lọ, tí ó sì padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, ohun tí ó kọlù wà ní mítà 1,500, nítorí àlọ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, àbọ̀ jẹ́ kan. Rírì ọkọ̀ Titanic ní ọdún 1912 ni ó mú kí àwọn ènìyàn tẹra mọ́ ọn. Ní ọdún 1914 Reginald Fessenden, tí a bí ní Canada, fi irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ òkè yìnyín tí ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí ọkọ̀ rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ tí ń wẹ̀ fúnra rẹ̀ lè súnmọ́ ilẹ̀ òkun, kí ó máa ké sí ọ̀tún àti sí òsì, kí ó sì fi gbohùngbohùn ya àwòrán ilẹ̀ náà.

Bàálù ńlá tí ń rékọjá òkun, irú èyí tí a ń rí lórí Máfòlúkù, ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ké lọ bí bàálù náà bá bọ́ sínú omi. Ó ń ké lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró náà sì ń gbọ̀n ní ìgbà 37,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó ga kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2009, bàálù Air France tí ń ti Rio de Janeiro lọ sí Paris já sínú Òkun Àtìláńtíìkì láàárín Brazil àti Senegal, pẹ̀lú ènìyàn 228. Àwọn ọkọ̀ ojú omi wọ́ etí-omi kiri láti gbọ́ ìké náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni a ṣe bátìrì rẹ̀ fún. Ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí àwọn ẹ̀rọ tí ń wẹ̀ fúnra wọn, tí ń fi sónà ya àwòrán ilẹ̀, tó rí i ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2011, ní ìsàlẹ̀ omi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4,000. Nínú àpótí tí a gbé jáde níbẹ̀ ni a ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn èyí ni a pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ tí ń ké náà lè ké fún 90 ọjọ́.

Ó ku ìró kan tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, nítorí pé ti ilé wa ni. Ní ọdún 1962, Jack Oliver, onímọ̀ nípa ilẹ̀ rírì ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ìmìtìtì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kan tí àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn ilẹ̀ rírì ń gbọ́ ní ibi púpọ̀ láyé. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ó ń lù bí ọkàn, ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 26 sí 27. Ó fura pé òkun ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn fi ọgbọ́n tí a sọ nípa Òṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ṣe é, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ ibì kan wé ti ibòmíràn, wọ́n sì wo èyí tí ó ṣáájú. Ní ọdún 2006 Shapiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìyawọlẹ̀ òkun Guinea ni àwọn ìlà náà ti pàdé, ní ìhà omi Bonny.

Ibẹ̀ ni a mọ̀. Ohun tí ń lù ú ni a kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní ìgbì òkun ni, tí ń kọlu ilẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn. Àwọn mìíràn ní iná abẹ́ ilẹ̀ nítòsí erékùṣù São Tomé ni kí a wò. Láti ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn etí tí ó gbọ́ ọ ti ń gbọ́, a sì ti rí i nínú ọ̀ràn San Juan ohun tí ọ̀nà jíjìn ń fi pa mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ parí àríyànjiyàn náà yóò ní láti gbé etí púpọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi náà gan-an, pẹ̀lú aago tí kò ṣìnà, kí ó sì fi sùúrù dúró tì í. Iṣẹ́ yìí yẹ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ òkun ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, nítorí pé àwọn ni omi náà súnmọ́ jù. Ní wákàtí kan tí a fi péjọ síhìn-ín, ó ti lù tó ìgbà 138.